Ojú Ìyá Ọkọ Mi, Nígbà Tí Fídíò Wọ Ilé Wa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ẹ má dìde. N kò ní kí ẹ pa fóònù yín o. Bí mo bá ní kí ẹ pa á, ọwọ́ yín nìkan ni yóò kúrò lára rẹ̀, ọkàn yín á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sáà yí ojú sí mi díẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọn ò sọ pé etí ni ọ̀rọ̀ wà, ojú ni wọ́n ní ó wà. Ọ̀rọ̀ ojú gan-an ni mo sì fẹ́ bá yín sọ: ojú ìyá tó bí bàbá yín àgbà, nínú ilé yìí, ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, nígbà tí irun orí tèmi náà ṣì dúdú bíi kóró iṣin.

Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìnkùlé yẹn, àgbàlá ni nígbà náà. Ilẹ̀ pupa ni. A máa ń gbá a ní ìdájí títí yóò fi mọ́ tónítóní. Igi àgbálùmọ̀ kan wà láàárín rẹ̀, abẹ́ igi náà ni èmi àti ìyá ọkọ mi ti ń ṣe gàrí. Oko Ibefun ni ẹ̀gẹ́ wa ti ń wá. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, àwọn ará ilé àti aládùúgbò á mú ọ̀bẹ, wọ́n á gbé àpótí ìjókòó, wọ́n á yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká. Kò sí ẹni tí à ń ránṣẹ́ pè. Ẹni tó bá wa bẹ ẹ̀gẹ́ lónìí, a óò bá a yín àgbàdo lọ́la.

Bí mo bá ń sùn, mo ṣì ń gbọ́ ìró yẹn. Ọ̀bẹ ń ké ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ lára èèpo, ẹ̀gẹ́ ń já sínú bàsíà omi, pòṣó, pòṣó. Láàárọ̀, ìró páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu la ó kọ́kọ́ gbọ́, tí a ń rin ẹ̀gẹ́ lára rẹ̀ tí apá ń ro wá. Nígbà tó bá kan yíyan, igbá á máa lọ, á máa bọ̀ nínú agbada, ṣàà, ṣàà, bí ẹni ń fi sùúrù gbálẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú kì í kánjú. Ó gbọ́dọ̀ sùn nínú àpò lábẹ́ òkúta títí yóò fi kan dáadáa. Ìyá ọkọ mi á fi ìka kan bu díẹ̀ sẹ́nu, á dijú, á ní, "Kò tíì gbọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀." Bí òun bá ti ní kò tíì gbọ́n, kò sí ẹni tó lè gbé agbada kaná.

Ìdí ẹ̀gẹ́ yẹn náà la ti ń mọ bí ara ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Kí ẹnì kan tó sọ pé ara òun kò yá, a ti rí i lójú rẹ̀. Aládùúgbò wa kan wà, Ìyá Ráfíù, obìnrin mùsùlùmí tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Á wo èèyàn lọ́ọ́kán, á ní, "Ìyàwó, ojú rẹ ṣú lónìí. Ṣé ọkọ rẹ ló ṣẹ̀ ọ́ ni, àbí ibà?" Bí o bá purọ́ fún un, yóò tún ọ wò lẹ́ẹ̀kejì, o ò sì ní mọ ìgbà tí òótọ́ á jáde lẹ́nu rẹ.

Kódà lásìkò Agẹmọ, tí àwa obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú síta, àjọṣe náà kì í tú. A ti máa ra ata àti ẹja sílé ṣáájú. Ìyá Ráfíù á sá wọ ilé wa, á ní ẹ̀rù ń ba òun láti dá wà. A ó ti fèrèsé gbọin, ìyá ọkọ mi á se ìkọ́kọrẹ́, a ó pagbo yí ìkòkò náà ká nínú òkùnkùn bíríbírí. Bí a bá gbọ́ ohùn lókèèrè, a ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara wa kí ẹ̀rín má baà bọ́. Ẹ̀rù ń bà wá, inú wa sì ń dùn. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀rù tó dùn fún ọmọ ayé òde òní.

Ojúde Ọba ńkọ́? Gbogbo wa là ń lọ, àti onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Lọ́dún kan, ìró ṣákábùlà ba ẹṣin ọkùnrin kan lẹ́rù. Ẹṣin náà yà kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé ọ̀gbẹ́ni náà tààrà lọ sídìí ẹni tó ń ta ìrèké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrèké. Ojú gbogbo ìlú ni! Ìyá ọkọ mi wà lọ́nà jíjìn, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ délé. Ó rí bí fìlà ọkùnrin náà ṣe bọ́ sí i lójú. Ó rí i pé bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti sọnù. Ó rí bí ó ṣe ń bẹ ẹṣin. Abẹ́ àgbálùmọ̀ ló ti ń sín ọkùnrin náà jẹ fún wa fún ọjọ́ púpọ̀, á mú ìgbálẹ̀, á fi ṣe ìjánu, a ó sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wá. Obìnrin tí ojú rẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá nìyẹn.

Bàbá yín àgbà ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, Èkó ló ti ń rajà. Òun ló gbé tẹlifíṣàn wọ ilé wa. Tẹlifíṣàn nìkan kò ṣe wá ní nǹkan. Nígbà náà, ó ní ìgbà tí ó ń ṣí, ó sì ní ìgbà tí ó ń sùn. Fídíò tó tún gbé dé lẹ́yìn rẹ̀ ni kì í sùn. Bí kásẹ́ẹ̀tì kan bá tán, wọ́n á ti òmíràn bọ̀ ọ́. Fíìmù Íńdíà wà, tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń jó yí igi ká. Ti àwọn ará Ṣáínà náà wà, tí wọ́n ń fò lórí òrùlé bí ológbò. Eré àwọn òṣèré tiwa náà ń bẹ.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Sátidé nìkan ni. Nígbà tó yá, ó di lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó tún yá, oúnjẹ gan-an wá bá a níwájú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń gbé àpótí ìjókòó wá sí àgbàlá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá sí pálọ̀. Ìyá Ráfíù gbé ẹ̀wà kaná lọ́jọ́ kan, ó ní òun kàn fẹ́ wo ìbẹ̀rẹ̀ ni. Èéfín ló wá pè é padà sílé. Àwọn ọmọ ń tòògbé ní ilé ẹ̀kọ́. Bàbá yín àgbà náà ń sùn lórí káńtà, oníbàárà á jí i kó tó ta ọjà fún un. Ẹ̀yìn ń dùn wá, ojú wa ń pọ́n, a ò sì mọ ohun tó ń ṣe wá. Bí àlejò bá wọlé, a ó na ọwọ́ sí àga láì wo ojú rẹ̀. Àgbàlá wá dá páropáro. Èmi nìkan ni mò ń bẹ ẹ̀gẹ́ láàárọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bàbá yín àgbà kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀ o. Àga tìmùtìmù tó dára jù nínú ilé, ìyá rẹ̀ ló gbé e fún. Ó gbé e síwájú gbogbo wa. Ó ní, "Màámi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó síhìn-ín, kí ẹ máa jayé." Ìyá ọkọ mi sì jókòó. Bí a bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Bí a bá kígbe "Hàà!", òun náà á kígbe. Inú ọmọ rẹ̀ á dùn, á ní, "Ẹ wò ó bí Màámi ṣe ń gbádùn ara wọn!"

Àwọn nǹkan kan wà o. Ó máa ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó dẹ́kun ẹ̀wà ṣíṣà. Ní Ojúde Ọba ọdún yẹn, ó fà mí láṣọ, ó ní, "Ìyàwó mi, àwọ̀ aṣọ wo ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀ lọ́dún yìí?" Mo ní, "Àwọ̀ ewé ni, Màámi." Ó ní, "Ó yẹ wọ́n." Eruku pọ̀, ariwo pọ̀, a sì tún ń kánjú délé nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì tuntun kan ti dé. Ọ̀rọ̀ náà bá eruku lọ.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣú, tiransifọ́má àdúgbò wa bú gbàù! Èéfín dúdú sọ. Àwọn oníná wá wò ó, wọ́n mirí, wọ́n lọ. A ò rí iná fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bàbá yín ń rìn yípo inú ilé bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Á dúró níwájú tẹlifíṣàn, á fi ọwọ́ nu eruku orí rẹ̀, á tún jáde. Ṣùgbọ́n ooru kò jẹ́ kí èèyàn lè jókòó sínú ilé, bí a ṣe bá ara wa ní àgbàlá nìyẹn. Mo da ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ìyá Ráfíù mú ọ̀bẹ rẹ̀ dé, ó ní, "Àṣé ilẹ̀ yìí ṣì wà?" A rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi náà bọ́ sí àyè rẹ̀ àtijọ́, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀gẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀ kò tíì ṣú tán. Mo wo bàsíà tó wà níwájú rẹ̀, mo rí i pé omi inú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màámi! Ẹ ti gé ara yín!"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó ṣì ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ. "Mo ṣebí omi ẹ̀gẹ́ ni."

Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé àtùpà wá kí n lè wo ọgbẹ́ náà, iná sì ṣèèṣì tàn sí i lójú. Kò ṣẹ́jú. Mo tún gbé e súnmọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú ìyá ọkọ mi, mo wò ó dáadáa. Awọ funfun kan bí omi ògì ti bo ẹyinjú ọ̀tún. Ti òsì dúdú, ó mọ́, ṣùgbọ́n kò wo ibì kankan. Ìyá Ráfíù ju ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Màámi, ẹ ò ríran?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ń rí òjìji díẹ̀ bí oòrùn bá mú. Ilé yìí ni mo ti lo ayé mi, ìyàwó mi. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà, ìrìn yín ni mo fi ń mọ̀ yín."

Bàbá yín bá wa níbẹ̀ nígbà tó ti ṣọ́ọ̀bù dé. Mo sọ ọ́ fún un. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní irọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni, àbí? Ṣebí a jọ ń wo fíìmù lójoojúmọ́ ni!"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń wò ó, Àkànní. Èmi ń gbọ́ yín. Níbi tí ẹ bá ti rẹ́rìn-ín lèmi náà ti ń rẹ́rìn-ín."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ọ." Ohùn rẹ̀ tutù, kò fi í bú u. "Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ní, 'Àkànní, ojú mi ń ṣe mí bákan.' O ní, 'Màámi, ẹ jẹ́ kí eléyìí parí ná.' Mo dúró kó parí. Kò parí. Bí ọ̀kan bá parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá yín ga, ẹ rí fọ́tò rẹ̀. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ sọ́jà. Ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, kò sì lè sọ ju "Màámi, Màámi" lọ. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wá orí rẹ̀ títí ó fi rí i. Ó ní, "Dìde. Ìwọ kọ́ lo fọ́ mi lójú. Dìde, aṣọ rẹ á bàjẹ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Dókítà obìnrin kan, ọmọ Èkìtì, ló gbà wá. Ó yẹ ojú náà wò fún ìgbà pípẹ́, ó tan iná sí i, ó tún wò ó. Ó ní, "Màmá, n kò ní tàn yín. Ojú òsì yìí ti kú. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kú látìgbà yìí. Ká ní ẹ tètè wá ni, ì bá má rí báyìí. Ṣùgbọ́n a ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti ọ̀tún, ó sì dá mi lójú pé ẹ máa ríran." Ó wá kọjú sí bàbá yín. "Ẹ̀yin ọmọ wọn, ṣé ọ̀nà jíjìn lẹ̀ ń gbé ni?"

Bàbá yín wo ilẹ̀. Ó ní, "Inú ilé kan náà la wà, Dókítà."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa tú báńdéèjì, bàbá yín dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì, ó ká ọwọ́ mọ́ra bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà. Ìyá ọkọ mi ṣẹ́jú, omi jáde lójú rẹ̀, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo fèrèsé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ta ni bàbá yìí?"

"Èmi ni, Màámi. Èmi Àkànní."

"Àkànní?" Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. "Dúdú ni mo fi orí rẹ sí. Ta ló bu ewú sí ọ lórí nígbà tí n kò sí nílé?"

Àwa tó wà níbẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Bàbá yín kọjú sí ògiri, ó sọkún bí obìnrin tí ọmọ rẹ̀ sọnù tó sì tún rí i.

A padà délé, iná ti dé. Ẹ máa rò pé bàbá yín fọ́ tẹlifíṣàn náà. Kò fọ́ ọ, kò sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ó da aṣọ bò ó, ó ní Sátidé nìkan la ó máa ṣí i. Kò rọrùn fún un. Mo máa ń rí i tó ń kọjá, tó ń fi ọwọ́ kan aṣọ náà, tó ń mí kanlẹ̀. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ ní àgbàlá nírọ̀lẹ́, kò sì kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n lè jọ sọ. Wọ́n á kàn jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo gbọ́ wọn tí wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí Ayépé kí wọ́n tó la títì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pariwo bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà máa gbé ẹnì kan débì kan.

Àgbàlá náà kò kún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ìyá Ráfíù ń wá, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ti ra ẹ̀rọ tiwọn, kálukú sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ náà dé sí àdúgbò, a fi páànù ìṣó ti ògiri. Mo yọ̀ sí ìyẹn o, apá mi sinmi. Kì í ṣe gbogbo ohun tó lọ ló yẹ ká sunkún lé lórí. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ̀rọ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn, àwa la kò mọ ibi tó yẹ ká dúró.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ti Ìbàdàn dé gan-an kò ṣeé gbàgbé fún mi. Ọmọ kan wà nílé tí ìyá ọkọ mi kò rí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Ọwọ́ ló fi mọ̀ ọ́n. Ìyá yín ni ọmọ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìdí wọ́ ni. Bí ìyá ọkọ mi ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kò wọlé, kò mu omi. Ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yẹn wá bá mi nínú oòrùn."

Mo gbé e fún un. Ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ojú kan ṣoṣo tó kù fún un ló fi ń wò ó, ó yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ọmọ náà sì tẹjú mọ́ ọn.

Mo ní, "Màámi, ṣé kò sí nǹkan?"

"Ìyá mi ni," ló wí. "Ẹ wá wo ìyá mi. Bí iwájú orí rẹ̀ ṣe rí nìyí. Bí ó ṣe ń di ẹnu nìyí bí nǹkan bá yà á lẹ́nu."

A pé jọ, a ń wo ọmọ náà. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ obìnrin tó ń wí. Ó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá yín, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ níbì kankan láyé. Ojú ìyá ọkọ mi nìkan ló kù tó lè sọ fún wa pé obìnrin náà ti padà dé, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí èyí tó kù nínú ojú náà kú mọ́ wa lọ́wọ́, nígbà tí gbogbo wa jókòó tì í, tí a ń rẹ́rìn-ín.